Jagun Gbọ́ Ìpè Yín Dáadáa

Ìbéèrè: Ẹ káàárọ̀ sà. Lugbe, ní Àbújá, ni èmi àti ọkọ mi ń gbé pẹ̀lú ọmọ wa méjì. A ní ajá Alsatian kan, akọ ni, oṣù 14 ló wà, Jagun lorúkọ rẹ̀. Nínú ilé, ó gbọ́ràn. Àmọ́ bí géètì bá fi lè ṣí báyìí, ó ti bọ́ síta nìyẹn. Tí mo bá pè é, á yíjú wò mí, á sì tún máa bá eré rẹ̀ lọ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó lé àgbò Alhaji tó wà nílé kejì sí wa títí àgbò fi já sínú gọ́tà, tó sì fẹsẹ̀ rọ́. Mò ń bá a sáré kìlómítà 5 láràárọ̀ kó lè rẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n ńṣe ló dà bíi pé mò ń rọ epo kún ọkọ̀. Ọkọ mi ní ká tà á. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n ra kọ́là oníná. Kí ni kí n ṣe? Ìyá Àánú, Lugbe.

Ìdáhùn: Ìyá Àánú, ẹ kú àmúmọ́ra o. Kí n tó dé orí ọ̀rọ̀ Jagun rárá, tí ẹ kò bá tíì lọ kí Alhaji, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ lónìí. Ẹ̀yin àti ọkọ yín ni kẹ́ ẹ jọ lọ. Ẹ san owó dókítà ẹranko, kẹ́ ẹ sì padà lọ béèrè àgbò náà lọ́jọ́ kẹta. Ọ̀pọ̀ àgbò tí ẹ ń rí ládùúgbò yìí, láti ọdún tó kọjá ni wọ́n ti ń sìn ín de Iléyá. Ajá tí àdúgbò bá ti kórìíra, kò sí ẹ̀kọ́ tí mo lè kọ́ ọ tó máa gbà á sílẹ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá sọ ti Jagun.

Àwọn àgbà ní ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ẹ bá mi tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn, nítorí ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ ajá ní Àbújá yìí, àyàfi èyí tí àrùn etí bá ń bá jà, n kò tíì rí ajá tí kò gbọ́ fèrè. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ kọ ọ́ pé ó yíjú wò yín. Ó gbọ́. Lẹ́yìn tó gbọ́ tán ló wá ṣírò: ó wo ohun tó wà lọ́dọ̀ yín, ó wo àgbò tó ń sá lọ, ó sì mú èyí tó dùn mọ́ ọn jù.

Ẹ jẹ́ ká bá a ṣe ìṣirò náà. Ìgbà wo gan-an lẹ máa ń pe Jagun? Tí ẹ bá fẹ́ wẹ̀ fún un. Tí àlejò bá dé, tí ẹ fẹ́ tì í mọ́ kéèjì. Tí eré bá ń dùn mọ́ ọn níta, tí ẹ fẹ́ kó wọlé. Nígbà tó bá sì ti sá lọ fún ogún ìṣẹ́jú, tí àgàrá ti dá yín, tó wá padà wá nígbẹ̀yìn, kí ni ẹ máa ń ṣe fún un? Ẹ má bínú, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra pé ó ti jẹ pàṣán rí. Ajá kì í so ìyà tó ń jẹ báyìí mọ́ ohun tó ṣe ní ogún ìṣẹ́jú sẹ́yìn. Ohun tó ṣe kẹ́yìn kí ọwọ́ yín tó bà á ni pé ó wá sọ́dọ̀ yín. Lójú tirẹ̀, wíwá tó wá lẹ ṣe nà án.

Ọkùnrin kan láti Kubwa mú ajá rẹ̀ wá bá mi nígbà kan. Tó bá pè é, ajá náà á wá o, á sáré wá pàápàá, àmọ́ tó bá ku bí ìṣísẹ̀ mẹ́ta, á dúró gbagidi, á máa mi ìrù. Bí ọkùnrin náà bá sún síwájú, òun náà á sún sẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ náà rú mi lójú títí mo fi rí ọ̀pá tí ọ̀gbẹ́ni máa ń mú dání. Ajá ti wọn ọ̀pá. Ó mọ ibi tí apá àti ọ̀pá pa pọ̀ kò lè dé, ibẹ̀ gan-an ló sì máa ń dúró sí. Ẹni tó ní irú ajá bẹ́ẹ̀ ń pè é ní olóríkunkun. Èmi rò pé ó yẹ kí wọ́n fi ṣe sọfíyọ̀.

Nítorí náà, ohun kan wà tí n kò ní bá yín dúnàádúrà lé lórí. Bó ti wù kí Jagun pẹ́ níta tó, bó ti wù kí ojú tì yín tó níwájú àwọn ará àdúgbò, tó bá ti fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá, ẹ yìn ín, kẹ́ ẹ sì fún un ní nǹkan jẹ. Ẹ gbé ìbínú yín mì. Tó bá di alẹ́, ẹ lè sọ ọ́ fún ọkọ yín bí ọ̀rọ̀ náà ṣe dùn yín tó.

Ọ̀rọ̀ tí ẹ fi ń pè é náà ti bàjẹ́. Nínú ilé tí ọmọ méjì wà, ẹ̀ẹ̀melòó ni ẹnu yín ń sọ "wá níbí" lójúmọ́? Àwọn ọmọ ń kígbe "come, Jagun, come", mẹ́gáàdì yín lẹ́nu géètì ń sọ pé "zo nan". Èdè mẹ́ta ni ajá kan ń gbọ́, kò sì sí èyí tó ń mú nǹkan gidi wá fún un. Ariwo lásán ni gbogbo rẹ̀ ti dà létí rẹ̀. A ò ní tún ọ̀rọ̀ àtijọ́ ṣe, òmíràn la máa wá. Ẹ ra fèrè, irú èyí tí rẹfirí ń fọn, kẹ́ ẹ sì so ó mọ́ ọrùn. Fèrè kì í bínú. Bákan náà ló máa dún láti ẹnu yín, láti ẹnu ọkọ yín àti láti ẹnu mẹ́gáàdì, ó sì máa ń dún lọ jìnnà. Òwe náà fúnra rẹ̀ kúkú ti sọ ọ́: fèrè ni ọdẹ ń fọn, kò pariwo.

Fèrè tuntun yìí, owó ni. Gbogbo ìgbà tó bá dún, ẹ gbọ́dọ̀ san. Kì í ṣe bisikíìtì gbígbẹ lẹ fi máa san án o. Ẹ se ẹ̀dọ̀ màlúù àti iwe adìyẹ láìfi iyọ̀ tàbí ata sí i, ẹ gé wọn bí ẹyọ ẹ̀wà, ẹ pín in sínú ọ̀rá kéékèèké, ẹ kó o sí fírísà. Ẹ má jẹ́ kí ẹ̀dọ̀ nìkan pọ̀ jù, iwe ni kó pọ̀ níbẹ̀. Àwọn kan máa ń fi kílíṣí tàbí ṣúyà tó ṣẹ́kù kọ́ ajá nítorí pé ó wà nítòsí wa. Ẹ má dán an wò. Àlùbọ́sà àti ááyù tó wà lára rẹ̀ máa ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́, ká má tíì sọ ti ata. Wàrà Fúlàní díẹ̀ kò burú tí ikùn rẹ̀ bá gbà á.

Lọ́sẹ̀ kìíní, pálọ̀ ni kẹ́ ẹ ti ṣe é. Ẹ fọn fèrè lẹ́ẹ̀kan, ẹ fi ẹran sí i lẹ́nu. Ẹ má ní kó jókòó, ẹ má ní kó ṣe ohunkóhun. Ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá láàárọ̀, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá lálẹ́. Lọ́sẹ̀ kejì, ẹ fọn ọ́n láti inú yàrá nígbà tó bá wà ní kíṣíìnì. Lẹ́yìn ìyẹn ló kan àgbàlá. Ibì kan wà níbí tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kùnà: tó bá dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ kọ́kọ́ fi ọwọ́ kan di kọ́là ọrùn rẹ̀ mú, kí ọwọ́ kejì tó fún un ní ẹran. Bí ẹ kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, á kọ́ bí wọ́n ṣe ń já ẹran gbà tí wọ́n sì ń sá lọ, ọ̀rọ̀ ọ̀pá Kubwa nìyẹn á sì tún di tiyín. Bó bá ti jẹun tán, ẹ tú u sílẹ̀, ẹ ní kó máa bá eré rẹ̀ lọ. Nínú ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá tí ẹ bá pè é, kẹ́ ẹ dá a padà sídìí eré tó ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ. Ajá tó bá mọ̀ pé ìpè kì í ṣe òpin ìgbádùn, kò ní ṣírò pẹ́ kó tó wá.

Tẹ́tẹ́ kan tún wà tí mo máa ń ní kí àwọn èèyàn ta nínú ọkàn wọn. Kẹ́ ẹ tó fọn fèrè, ẹ bi ara yín pé: ṣé mo lè fi ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà lélẹ̀ pé yóò wá? Tí ọkàn yín bá ń ṣe méjìméjì, ẹ má fọn ọ́n. Ẹ rìn lọ bá a, ẹ di okùn rẹ̀ mú. Fèrè tí ẹ bá fọn tí kò wá, ẹ ti fọwọ́ ara yín kọ́ ọ pé ó ṣeé kọ etí dídi sí.

Okùn wo ni mo ń sọ? Láti òní lọ, fún oṣù mẹ́ta ó kéré tán, Jagun kò gbọdọ̀ jáde géètì láìsí okùn gígùn lára rẹ̀, mítà 10 sí 15. Ní ọjà Dei-Dei tàbí Wuse, ẹ wá bẹ́líìtì pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń di ẹrù mọ́ ọkọ̀. Ẹ má ra okùn ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́. Mo ti rí àtẹ́lẹwọ́ tí irú okùn bẹ́ẹ̀ bó, ẹ ó rò pé iná ló jó o. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ má sì wé e mọ́ ọwọ́, nítorí Alsatian tó bá já lójijì lè fà yín ṣubú. Ara bẹ́líìtì àyà ni kẹ́ ẹ so ó mọ́, èyí tó gba abẹ́ apá, ẹ má so ó mọ́ ọrùn. Ajá tó bá sáré mítà 10 kí okùn tó fà á lọ́rùn lójijì lè ṣèṣe.

Ibi tí ẹ máa lò ó ni ìṣòro Àbújá. Jabi Lake tàbí Millennium Park ní òpin ọ̀sẹ̀ kò bójú mu fún ajá tó ṣì ń kẹ́kọ̀ọ́: ọmọdé, òórùn oúnjẹ, bọ́ọ̀lù, gbogbo rẹ̀ pọ̀ jù. Ohun tí àwọn oníbàárà mi máa ń ṣe ni pé wọ́n á tọrọ ààyè lọ́wọ́ ẹni tó ní ilé tí wọn kò tíì kọ́ parí àmọ́ tí ó ti ní fẹ́ǹsì, tàbí pápá ilé ìwé nígbà ọlidé. Ní ti ilẹ̀ gbalasa tó wà lẹ́yìn ilé ní apá ọ̀dọ̀ yín, màlúù máa ń gba ibẹ̀ kọjá. Màlúù kan ṣoṣo tó bá ta ajá nípàá lè pa á, darandaran náà kò sì ní dúró wo ẹran rẹ̀ níran.

Ẹ kò ní gbé e lọ bá àgbò Alhaji kí "ojú rẹ̀ lè mọ́ ọn". Ọ̀nà jíjìn lẹ máa dúró sí, ibi tí Jagun ti lè rí ewúrẹ́ tàbí àgùntàn àmọ́ tó ṣì lè jẹ ẹran lọ́wọ́ yín. Ẹran náà gan-an ni òṣùwọ̀n yín. Tó bá kọ ẹ̀dọ̀, tí ojú rẹ̀ le kankan sára ewúrẹ́, ẹ ti sún mọ́ jù, ẹ padà sẹ́yìn. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹ sún síwájú ní ìṣísẹ̀ díẹ̀. Kì í ṣe ìwà ibi ló wà lára rẹ̀ o. Ọdún 1899 ni ọ̀gágun kan ní Jámánì, Max von Stephanitz, dá ẹgbẹ́ àwọn tó ń sin irú ajá yìí sílẹ̀, ajá tó ń da àgùntàn ló sì fi bẹ̀rẹ̀. Ajá tí wọ́n tìtorí àgùntàn dá, tí ẹ gbé sí ìtòsí ilé tí àgbò wà, tí kò níṣẹ́ kankan láti àárọ̀ dalẹ́! Ó fún ara rẹ̀ níṣẹ́ ni.

Ìyẹn ló gbé mi dé orí kìlómítà 5 yín. Ẹ kú iṣẹ́, àmọ́ eléré ìje lẹ ń sọ Jagun dà. Lóṣù kìíní, kìlómítà 5 á rẹ̀ ẹ́. Lóṣù kẹta, ara rẹ̀ ti le, 8 ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè. Ní ọjọ́ orí tó wà yìí, eegun ajá ńlá lè má tíì gbó tán. Títí yóò fi pé bí oṣù 18, ẹ yé bá a sáré lórí títì ọlọ́dà, ẹ má sì jẹ́ kó máa fo ògiri. Kó rìn, kó máa gbóòórùn ilẹ̀, kó tẹ iyẹ̀pẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún oòrùn pẹ̀lú, pàápàá láti Fẹ́búárì sí Épírì kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Ajá kì í làágùn bíi tiwa, mímí hẹlẹhẹlẹ ló fi ń tu ara rẹ̀ lára. Ìwọ̀n 38 sí 39 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni ara rẹ̀ ń gbóná tí àlàáfíà bá wà. Tó bá dé 41, ikú ti ń wọlé. Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ lé orí ọ̀dà fún ìṣẹ́jú àáyá méje. Tí ẹ kò bá lè fara dà á, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ náà kò lè fara dà á. Bí ahọ́n rẹ̀ bá pupa kọjá bó ṣe yẹ, tí itọ́ rẹ̀ ki, tó ń rìn bí ẹni tó mutí yó, ẹ da omi sí i lára, àyà, ikùn àti ẹsẹ̀, ẹ máa fẹ́ ẹ, kẹ́ ẹ sì máa gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Bí ọyẹ́ bá dé, ìgbà náà ni kẹ́ ẹ ṣiṣẹ́ dáadáa, ìyẹn ni àsìkò tí èmi fẹ́ràn jù.

Àárọ̀ kùtùkùtù ló dára jù, àmọ́ ẹ jẹ́ kí àwọn tó lọ kírun àsùbáà ti mọ́sáláṣí dé ná. Ẹni tó ti ṣe àlùwàlá kò fẹ́ kí itọ́ ajá kan aṣọ òun, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ sí ìyẹn. Tó bá ti lé díẹ̀ ní aago mẹ́fà, ọ̀nà á ti ṣófo.

Ohun tó ń rẹ ajá bíi Jagun ni iṣẹ́ orí àti imú. Ẹ kó abọ́ oúnjẹ rẹ̀ pamọ́. Ẹ da oúnjẹ rẹ̀ sínú koríko kó máa wá a lẹ́yọ lẹ́yọ, ẹ wé e sínú tówẹ́ẹ̀lì àtijọ́, ẹ fi pamọ́ sínú páálí tàbí sábẹ́ táyà. Ìṣẹ́jú 15 báyìí máa ń mú un sùn ju eré wákàtí kan lọ. Ẹ fi ṣòkòtò jíǹsì tó ti gbó bá a ṣe fà-á-kí-n-fà-á, kó sì mọ̀ pé tí ẹ bá ní "fi sílẹ̀", eré dúró. Èyí tí àwọn ọmọ yín máa fẹ́ràn jù ni kí Àánú lọ sá pamọ́ sẹ́yìn táǹkì omi pẹ̀lú fèrè lẹ́nu àti ẹran lọ́wọ́, kí àgbàlagbà wà nítòsí, kó fọn ọ́n, kí Jagun wá a kàn. Ìpè àti eré ti di ọ̀kan ṣoṣo níbẹ̀. Tó bá ti jẹun yó, kó sinmi tó wákàtí kan sí méjì kó tó sáré, torí ikùn ajá ńlá lè lọ́ mọ́ ara wọn, iṣẹ́ abẹ ní kíá nìkan ló sì ń gbà á sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ kò sọ bóyá ẹ máa ń so ó mọ́lẹ̀ lójúmọmọ. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀kọ́ mi kò ní ràn yín lọ́wọ́ púpọ̀.

Ní ti géètì, mẹ́gáàdì ni ẹ máa kọ́, kì í ṣe ajá. Jagun kò gbọdọ̀ wà lójú géètì nígbà tó bá ń ṣí, àfi kí okùn wà lára rẹ̀, kí ẹnì kan sì dì í mú. Ẹ lè fi nẹ́ẹ̀tì onírin àti igi ṣe ilẹ̀kùn kejì sínú, kó tó ibi tí ọkọ̀ ń dúró sí. Kẹ́ ẹ sì fún mẹ́gáàdì ní nǹkan lóṣù tí ajá kò bá jáde rárá. Òun náà ń ṣírò.

Tó bá já mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ má lé e. Eré ni lílé jẹ́ lójú rẹ̀, ẹsẹ̀ mẹ́rin ló sì fi ń sá a. Ẹ yíjú sí ọ̀nà kejì kẹ́ ẹ sáré, tàbí kẹ́ ẹ lóṣòó sílẹ̀ bíi pé ẹ rí nǹkan, kẹ́ ẹ máa gbọn ọ̀rá ẹran. Àwọn mìíràn wà tó jẹ́ pé kí ẹ kàn ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ ti tó.

Kọ́là oníná: rárá. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń tà á pé ó ń yanjú ọ̀rọ̀ lọ́jọ́ kan. Ibi tí ojú ajá wà nígbà tí iná bá ta á ni ọkàn rẹ̀ máa di ẹ̀bi rù. Tó bá jẹ́ pé àgbò ló ń wò, ó lè kórìíra àgbò. Tó bá jẹ́ pé ọmọ Alhaji ló ń kọjá lọ nígbà náà ńkọ́? Kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn, dókítà ẹranko ni kẹ́ ẹ bá sọ ọ́: ó lè dín rírìn kiri tẹ̀lé abo kù, àmọ́ kò ní kọ́ ọ bó ṣe máa jẹ́ ìpè.

Ẹ kò mẹ́nu kan abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, ọkàn mi kò sì balẹ̀. Ajá tó ń já jáde ń bá àwọn ajá ìgboro pàdé. Ọdọọdún ni kó máa gba abẹ́rẹ́ náà, kí káàdì rẹ̀ sì wà nílé; ilé iṣẹ́ ìwádìí àrùn ẹran tó wà ní Vom lẹ́bàá Jos láti 1924 ń ṣe abẹ́rẹ́ yìí nílẹ̀ wa. Tí ajá èyíkéyìí bá gé èèyàn jẹ, kí wọ́n fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, kí wọ́n sì lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an, kí wọ́n má dúró wò ó bóyá yóò san.

Ó ku ọ̀rọ̀ ọkọ yín. Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n, kí wọ́n fún Jagun ní oṣù mẹ́ta. N kò ṣèlérí pé yóò di ajá tí ẹ lè tú sílẹ̀ ní gbangba. Àwọn ajá kan wà tó jẹ́ pé okùn gígùn ni wọ́n máa lò títí dọjọ́ alẹ́ wọn, ayé wọn sì dùn. Tí oṣù mẹ́ta bá pé, tí wọ́n ṣì ní ká tà á, ẹ má gbé e fún ẹni àkọ́kọ́ tó bá mú owó dání. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń ra ajá kiri ní ìlú yìí ló ń wá olùṣọ́. Ẹ kọ́kọ́ bá mi sọ ọ́, mo lè mọ ẹni tó ní ààyè àti iṣẹ́ fún un.

Ẹ kọ̀wé sí mi ní ọ̀sẹ̀ kẹfà. Ẹ sọ iye ìgbà tí ẹ fọn fèrè, iye ìgbà tó wá, àti bí ẹsẹ̀ àgbò Alhaji ṣe ń san sí.